Eyín Inú Kọ́ọ̀bù

“Ṣé ó dá yín lójú pé màmá ò wọ eyín àtọwọ́dá?”

Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní ló béèrè, ó ti ń wọ ìbọ̀wọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì, Mùlíkátù, ìyá Waliyah, ń mí gúlegúle. Ọjọ́ mẹ́fà ni òtútù àyà fi bá a fínra ní Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá sí ọsibítù yìí ní Ìkòròdú. Dókítà ní àfi kí àwọn ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun báyìí báyìí, kí atẹ́gùn lè dé àyà rẹ̀.

Waliyah wo Fàsásì, bàbá rẹ̀, tó fẹ̀yìn ti ògiri, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Èjí Mùlíkátù ló rí nígbà èwe tó fi kọnu sí i. Nígbà tí eyín kan já níbẹ̀, Mùlíkátù yọ́ lọ sí Èkó lọ ṣe òmíràn, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má dí èjí òun o! Alaalẹ́ ló ń yọ ọ́ sínú kọ́ọ̀bù lẹ́yìn àpótí. “O ṣeun omi,” ló máa ń sọ fún Waliyah láàárọ̀, Waliyah a sì rò pé omi ìwẹ̀ ló ń wí. Waliyah ti búra pé bàbá ò ní gbọ́ nípa eyín náà láéláé.

“Rárá, mà. Wọn ò wọ nǹkan kan.”

Ẹ gbọ́ irọ́! Ẹni tí èémí ń bọ́ lọ, eyín là ń bá a fi pa mọ́.

Dókítà ti rọ́bà, kò kọjá. Ó tún un tì. “Nǹkan kan dí ibí yìí,” ó ní, òógùn bò ó. Ètè Mùlíkátù ti ń dúdú bí aró.

“Eyín ni!” Waliyah figbe ta. “Ẹ dákun, eyín iwájú wọn, àtọwọ́dá ni! Ó ti bọ́ sọ́fun wọn nìyẹn!”

Dókítà fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ fà á yọ. Rọ́bà wọlé. Àyà Mùlíkátù gbéra, ó wálẹ̀, ó tún gbéra. Alihamudulilahi! Waliyah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún ọpẹ́.

Nírọ̀lẹ́, dókítà ní ọ̀fun rẹ̀ bó díẹ̀, ohùn rẹ̀ lè há fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Bí ẹ̀mí bá ṣáà ti wà, ìrètí ń bẹ. Ìbídùnní fi òwú wé eyín náà, ó fi í lé Waliyah lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ foríjì mí. Màmá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín.”

Fàsásì tú òwú náà. Ó rẹ́rìn-ín. “Èyí tó ń sùn lẹ́yìn àpótí?”

“Háà! Ẹ mọ̀?”

“Ta lo rò pé ó ń bu omi tuntun sí kọ́ọ̀bù yẹn?” Ó wo ìyàwó rẹ̀. “Ó fẹ́ dára lójú mi. Ṣé kí n wá dójú tì í ni?”

Waliyah gba eyín náà padà. Ó jáde, ó wá kọ́ọ̀bù kan, ó sì ń lọ sídìí omi. Bàbá tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́.

“Gbé e wá,” ó ní. “Iṣẹ́ mi nìyẹn.”