Aṣọ Awọ Ẹ̀gbọ́n

Ìyá fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti gé aṣọ awọ náà, láti ọrùn títí dé orúnkún. Títì kì í ya awọ báyìí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń rán aṣọ fún àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìdíje lójú títì, ó sì mọ̀ pé bí ọ̀dà bá bó awọ, jágbajàgba ni yóò rí. Èyí gún régé. Sísọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bọ́ ọ kúrò lára òkú àkọ́bí rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló gbé e wá sórí tábìlì. Ọdún mẹ́fà ni aṣọ náà ti wà lábẹ́ ibùsùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

“Màámi, ẹ bá mi rán an. Sátidé ni ìdíje.”

“Ìdíje wo?”

“Ti ọ̀nà òkè yẹn. Èyí tí Bọ̀ọ̀dá sá kẹ́yìn.”

Ó fẹ́ figbe ta. Ó fẹ́ wólẹ̀, kó di ọmọ náà lẹ́sẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe gbogbo ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pàbó ló já sí. Bí òun bá sì kọ̀, jákẹ́ẹ̀tì lásán ni ọmọ náà yóò wọ̀ lọ, òun sì ti rí ohun tí títì ń fi àwọn tó wọ irú ẹ̀ ṣe. Wọ́n ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó pa òwe yẹn kò bí ọmọkùnrin méjì.

Ọgbọ́n kan bá sọ sí i lọ́kàn. Síngbọnlẹ̀ ni àkọ́bí rẹ̀. Èyí rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Bí aṣọ náà bá tóbi, àfi kí òun tú u, kí òun gé e, kí òun tún un tò. Kó tó parí, Sátidé á ti lọ.

“Á tóbi fún ẹ,” ó ní. “Ìwọ tí atẹ́gùn fẹ́ gbé lọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín; ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

“Ẹ jẹ́ n wọ̀ ọ́ wò ná.”

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀ tó máa ń wọ̀, ó kó sínú awọ. Ìyá fi òwú so ojú gígé náà pọ̀ mọ́ ọn lára níbi mẹ́ta, ó wá mú téèpù. Èjìká bá a mu. Ó wọn àyà, ó wọn ìdí, ó tún àyà wọn. Kò sí ibì kankan tí awọ ti ṣẹ́ po. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àyà òun ni orí ọmọ yìí mọ. Láti ọjọ́ náà ni òun ti ń wò ó, àṣé òkú ni ojú òun ń rí, kò rí bí ọmọ yìí ṣe ń dàgbà.

Ohùn aránṣọ ló gbọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀: “Jókòó. Bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó wà lórí alùpùpù.”

Ọmọ náà jókòó sórí àga, ó tẹ orí ba, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

“Kò há ẹ lábíyá?”

“Rárá, Màámi. Ó bá mi mu gan-an.”

Ó ká téèpù. Ó wá yé e pé awọ ni òun gbójú lé pé kó bá òun kọ̀ fún ọmọ.

“Bọ́ ọ,” ó ní, ó fa àga sídìí ẹ̀rọ. Ó wo bí gígé náà ṣe gùn tó. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni.