Ilẹ̀ Tí Olútóyìn Gbá

“Kí ọba wá jókòó síbí láìtẹ́ ẹní, aṣọ ẹ̀ ò ní dọ̀tí. Ta ló tún mọ iṣẹ́ báyìí ní gbogbo Sharjah?”

Olútóyìn na réèkì ọwọ́ rẹ̀ sí aṣálẹ̀ tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú wọn.

“Ẹ máa yin ara yín lọ, Bàbá Sofiu,” Asiat ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. “Ẹ̀yìn tèmi ti kán.”

Ilé oúnjẹ kan ní Al Rigga ni Asiat ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbàyè wá ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ torí àlejò ń bọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ tí kò ní gbálẹ̀? Wọ́n fa koríko gbígbẹ, wọ́n fi réèkì pa gbogbo ojú ẹsẹ̀ orí iyanrìn rẹ́, wọ́n sì dí gbogbo ihò kí àlejò má baà kọsẹ̀.

Àwọn ìdílé àdúgbò ló pawọ́ pọ̀ fi ilẹ̀ náà ṣe wákàfù, ọrẹ Ọlọ́run tí a kì í gbà padà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀, kí ẹranko aṣálẹ̀ lè ríbi gbé. Ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan wá ń pariwo pé kò sí ẹranko kankan níbẹ̀ mọ́. Ni ìjọba bá ní àwọn á rán ẹnì kan wá wò ó. Bí ilẹ̀ bá lọ, iṣẹ́ aṣọ́lẹ̀ tó gbé físà Olútóyìn dúró lọ nìyẹn. Kò sì tíì pẹ́ tó fi iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ sílẹ̀ ní Discovery Gardens.

Màmá Moza, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn ìdílé náà, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ọkùnrin ìjọba. Olútóyìn tẹrí ba, ó ń retí ìyìn. Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ojú ẹsẹ̀ àwọn ẹtu dà?”

“Mo ti gbá gbogbo ẹ̀, Màmá. Khalas, ó ti parí.”

“Ihò àwọn dábù ńkọ́?”

Dábù ni aláǹgbá ńlá onírù ẹlẹ́gùn-ún tó ń gbénú ilẹ̀ aṣálẹ̀ náà. Ẹ̀rín kú lójú Olútóyìn.

“A ti dí i, Màmá.”

Asiat ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tó ń fọwọ́ wa iyanrìn. Ọkọ rẹ̀ bá a wà á. Màmá Moza náà ká abáyà rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń wà á síta ni iyanrìn ń ya padà sínú ihò. Ọkùnrin ìjọba wo aago rẹ̀.

Lójijì, nǹkan kan mira lábẹ́ ọwọ́ Asiat. Orí dábù kan tó láwọ̀ eérú yọ síta díẹ̀díẹ̀, iyanrìn kún ojú rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Màmá Moza fi ìbòrí rẹ̀ nu omi ojú.

Olútóyìn gbọn orúnkún rẹ̀, ó dìde, àyà rẹ̀ tún ti yọ síwájú.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i? Ẹranko wà. Èmi sì ni olùtọ́jú wọn.”

Ọkùnrin náà tẹ nǹkan sínú fóònù rẹ̀.

“Mo rí ẹranko,” ló wí. “Olùtọ́jú ni mi ò rí.”