Ìyá Ọkọ Mi Wọ Oko

Ìyá Ìmọ́tótó ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá ọkọ mi. Bí ewé kan bá já bọ́ sí àgbàlá rẹ̀, kò ní tíì balẹ̀ tán tí Màámi á ti gbé ìgbálẹ̀. Èmi ò bá a jà sí i o, ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n oko mi kì í ṣe àgbàlá ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó wá kí wa ni mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kan pòpórò àgbàdo tí mo tẹ́ sórí ilẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ó wá wo oko náà, ó yínmú.

"Ìyàwó mi, ṣé oko lèyí àbí ààtàn?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ẹrù rẹ̀ wọlé. Ìyá ọkọ ni.

Ọdún kẹta rèé tí èmi àti ọkọ mi ò ti dáná sun pòpórò mọ́ lẹ́yìn ìkórè. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ yẹn le bíi sìmẹ́ńtì. Bí òjò bá rọ̀, orí rẹ̀ lomi ń gbà kọjá lọ. A wá ń gé pòpórò wẹ́wẹ́, a ń tẹ́ ẹ sínú aporo tó wà láàárín ebè, a ń da ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà mọ́ ọn. Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ọ̀lẹ ni wá.

Lọ́dún yìí, òjò dá. Ó di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n tí ẹ̀kán kan ò já bọ́, àgbàdo wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irun, ìgbà tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi du òun rárá.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ju ebi lọ. Awakọ̀ akẹ́rù lọkọ mi tẹ́lẹ̀. Bíréèkì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lórí òkè, oṣù mẹ́rin ló lò ní ọsibítù, títí dòní ló ń tiro. Ní gbogbo ìgbà tó wà lójú ọ̀nà, ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n jẹun kánú rí. Ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn ò wá yéé bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Ọkọ mi ní òun á dúró di Sátidé: bí àgbàdo bá gbẹ, òun á lọ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Àárọ̀ Sátidé yẹn, mo jí, mi ò bá Màámi ní yàrá. Mi ò rí réèkì tá a fi ń kó ewé jọ. Mo bojú wo apá oko, èéfín ń rú!

"Mo gbé!"

Mi ò rántí bàtà. Mo ń sáré, mo ń sunkún, mo ń bú ìyá ọkọ mi nínú, kí Ọlọ́run foríjì mí. Pẹ̀lú ọ̀dá yìí, tí iná bá ran pòpórò, kò sí ohun tó máa ṣẹ́ kù fún wa. Ọkọ mi ń tiro bọ̀ lẹ́yìn.

Mo dé ibẹ̀, mo rí i pé òdìkejì odò tó wà lẹ́yìn oko ni wọ́n ti ń sungbó. Ara tù mí díẹ̀. Mo wá rí Màámi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgbàdo, ó ti ju réèkì dànù, aporo mẹ́ta sì wà níhòòhò níwájú rẹ̀.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?" Ohùn mi ò dáa, mo mọ̀.

"Mò ń dá a padà ni, má pariwo lé mi lórí." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń tẹ́ pòpórò. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jí bá oko tó mọ́. Àfi bí mo ṣe kó o, tí mo rí i pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù. Mo ní ta ló bomi rin ín? Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́! Ekòló ń rìn níbẹ̀, ìyàwó mi! Mo wá yà sí oko ẹ̀gbẹ́ yín, èyí tó mọ́ tónítóní. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti sán, àgbàdo rẹ̀ sì ti ká ewé jọ."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbójú sókè wo tiwa. Ewé rẹ̀ là gbalaja, ó dúdú minimini. Mo ti fi ìbẹ̀rù wò ó láti ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì rí i. Mo jókòó ti Màámi, ẹ̀rín ń pa mí, omi ń bọ́ lójú mi.

Ọkọ mi dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó ṣí èèpo àgbàdo kan wò. Hóró ti ń tò sínú rẹ̀, kéékèèké, funfun.

"Ó ti gbọmọ," ni gbogbo ohun tó sọ. Òun náà jókòó. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ki ẹsẹ̀ náà bọ inú ilẹ̀ tútù.

"Mi ò lọ mọ́," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ fẹ́ lọ rí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

Ọdún mẹ́ta gbáko, èmi rò pé èmi nìkan lẹ̀rù ń bà nínú ilé yẹn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Màámi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹrẹ̀ kùn ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ṣé ẹ ti sunkún tán?" ó ní. "Aporo mẹ́ta ló kù. Oòrùn ti ń mú."