Ọkọ̀ Ogun tí Potogí Gbà

Ohun kan ṣoṣo ni Mosúnmọ́lá fẹ́ mọ̀: bí ọkọ̀ ogun bá kúrò lọ́wọ́ ọba kan bọ́ sọ́wọ́ ọba mìíràn, ṣé àwọn inú rẹ̀ ń bá a lọ ni?

Láti ìgbà ogun Jámánì ni Ajíbádé, ọkọ rẹ̀, ti fi Adó sílẹ̀, tó ń da èédú síná nínú ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun, tíṣà ìjọ mú ìròyìn wá pé wọ́n ti fa ọkọ̀ náà lé Potogí lọ́wọ́, wọ́n sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti rójú. Bàbá ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀ tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, òkú ni, òkú náà sì ni àwọn inú rẹ̀. Kí Akínbọ́lá, àbúrò Ajíbádé, ṣú Mosúnmọ́lá lópó.

Mosúnmọ́lá yarí kanlẹ̀. "Bàbá, bí oko bá bọ́ sọ́wọ́ olówó mìíràn, ṣé ìwọ̀fà inú rẹ̀ kú ni? Ọ̀gá ló pààrọ̀. Uṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ọmọ yín wálé."

Ọdún ń gorí ọdún. Bó bá ń gúnyán, á máa rò ó: ta ní ń se oúnjẹ fún un níbẹ̀? Ṣé ó ti gbọ́ èdè Potogí? Ajíbádé tí àwọn ará Èkó ń fi ohùn Èkìtì rẹ̀ rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín á pa á lóun nìkan.

Nígbà tó yá, oníṣòwò iyọ̀ kan tó ń jẹ́ Ọláyọdé ti Èkó wá tẹ̀dó sí Adó. Wọ́n ní ó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ogun rí. Kò tíì sọ ẹrù tán tí Mosúnmọ́lá fi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tó bi í léèrè ọkọ rẹ̀.

"Ajíbádé ará Adó, tó máa ń sunkún iyán?" Ọláyọdé bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ kan náà la jọ wà!"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni Potogí fi yín ṣe?"

"A ò bá wọn gbé, ìyàwó wa. Wọ́n sọ àsíá wa kalẹ̀, kálukú gbé àpótí rẹ̀, a sọ̀. Àwọn Potogí wá gòkè."

"Ìbọn ńkọ́?"

"A fi sílẹ̀ fún wọn."

"Ìkòkò ọbẹ̀?"

"Àtìkòkò, àti ṣíbí."

"Àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Kò ku ẹyọ kan. Ológbò inú ọkọ̀ gan-an, àwa la gbé e sọ̀. Sàró la ti sọ̀, ibẹ̀ la sì dúró sí. Nígbà tí ọkọ̀ Èkó dé lọ́dún náà gan-an, mo wọ̀ ọ́. Ajíbádé ní kí n máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn."

Inú Mosúnmọ́lá kọ́kọ́ dùn: ọkọ òun wà láàyè! Lẹ́yìn náà ni nǹkan gún un lọ́kàn. Gbogbo ọdún tó ti ń bá odindi ilé jà nítorí ọkùnrin yìí, kò sí Potogí kankan tó dì í mú.

Ó délé, ó bá Bàbá àti Akínbọ́lá níwájú ìta.

"Bàbá, ọmọ yín kò kú. Ẹni tó rí i sọ fún mi."

Bàbá ké Olúwa ṣeun, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ò ní ṣú mi lópó mọ́ nìyẹn?"

"Èèwọ̀! Ta ní ń ṣú opó alààyè?"

"Ẹ ṣé, Bàbá." Ó wọlé, ó di aṣọ rẹ̀, ó sì gbé e rù.

"Ìyàwó, níbo nìyẹn?"

"Ulé bàbá mi, n'Ìyìn."

"Bí ọkọ rẹ bá wá dé ńkọ́?"

"Ó mọ̀nà, Bàbá," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ó ti mọ̀nà tipẹ́."