Ẹni Tó Dí Géètì Ẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi Síkírù, wẹ́dà, èmi ni mo jó géètì ẹ̀yìn ilé-ìwé yẹn pọ̀ mọ́ òpó ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Èmi ni mo dìde nípàdé òbí àtolùkọ́ ní táàmù tó kọjá, tí mo ń fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn ọmọ ń gba géètì náà yọ́ jáde lọ sílé géèmù, Aneesah ọmọ mi sì wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ojú tì mí. Mo ní kí wọ́n yé fi àgádágodo tan ara wọn, àwọn ọmọ wọ̀nyí á já a, èmi á bá wọn dí i, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo gbé ẹ̀rọ mi wá ní Sátidé, mo jó o lókè, mo jó o nísàlẹ̀, mo tún fi irin gbọọrọ kan dábùú ẹ̀. Ohun tí mo bá jó kì í tú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń lé ara wọn bọ̀ láti apá Ìtirẹ́, ọ̀kan sì sá wọ inú ọgbà ilé-ìwé wa. Àwọn tó ń lé e dúró sẹ́nu géètì iwájú, wọ́n yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀kan lu táńkì omi, èkejì lu ògiri, ẹ̀kẹta, Ọlọ́run ló mọ ibi tó lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ìbọn yẹn ò ba ọmọ kankan. Àmọ́ bí àwọn ọmọ ṣe gbọ́ ìró ẹ̀, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn sá gbà. Wọ́n fa géètì, wọ́n tì í, kò mira. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀ pé kò ṣí, wọ́n ṣáà ń tì bọ̀. Tiwalọlá, ọ̀rẹ́ Aneesah, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló ṣubú sísàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé àwọn tó wà lórí ẹ̀ kúrò, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Motọ́lání, ìyá ọmọ náà, tó ń ránṣọ ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi, ò mọ gbogbo èyí. Wọ́n sọ fún un pé ìbọn ló pa ọmọ ẹ̀. Ẹ sì mọ àṣà wa, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ọkọ ẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ló sin ọmọ náà, wọn ò jẹ́ kí ìyá rí òkú. Nígbà tí a ń dí géètì, Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, ó lọ tọ́jú ìyá ẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ kẹta ọ̀fọ̀, Alhaji Yẹ̀kínnì, alága ẹgbẹ́ òbí, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Síkírù, panu mọ́. Ẹni tó bá yìnbọn ló pa á, kò sírọ́ ńbẹ̀. Tí obìnrin yẹn bá gbọ́ ti géètì, ọ̀fọ̀ á di méjì. Ìwọ náà ńkọ́? O fẹ́ kí wọ́n wá dáná sun ṣọ́ọ̀bù ẹ?"

Mo panu mọ́. Mo ní àánú obìnrin náà ló ń ṣe mí. Irọ́ ni! Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù pátápátá, bí ẹni tó jalè. Ní àràárọ̀ ni Aneesah ń kúnlẹ̀ kí mi, kò sì wo ojú mi. Ìbéèrè kan náà ló ń bi mí: "Bàbá mi, ṣé ẹ ti sọ fún Ìyá Tiwa?" Màá ní kó lọ wẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ikú ọmọ náà ni wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n ní ká wá jíròrò bí ìbọn ò ṣe ní pa ọmọ wa nílé-ìwé mọ́. Gbọ̀ngàn kún. Motọ́lání jókòó níwájú nínú aṣọ dúdú, èmi jókòó lẹ́yìn pátápátá. Aneesah ní òun á tẹ̀ lé mi, mi ò rí ẹnu kọ̀ fún un.

Bàbá Àkàngbé, ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìbọn la fi ń lé ìbọn," ló wí. "Ẹ wá ọkùnrin mẹ́rin fún mi, kí wọ́n gbé ìbọn dúró sẹ́nu géètì láti àárọ̀. Ẹ máa rí i bóyá ọmọ ìta kankan máa yọjú."

Pírínsípà ní, "Bàbá, aago méjì tí ẹgbẹ̀rún ọmọ bá ń rọ́ jáde, tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, ta ni àwọn ọkùnrin yẹn máa yìn ín fún? Ṣé wọ́n máa ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná?"

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀rù ló máa ń bà yín!"

"Ẹ̀rù ń bà mí o, sà. Ó yẹ kó bà mí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Máyọ̀kún, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, dìde. Ó ní kámẹ́rà ni ọ̀nà àbáyọ, mẹ́jọ péré, àwọn òbí á máa rí ilé-ìwé lórí fóònù wọn. Inú ti ń bí mi. Mo ní sínú ara mi pé, ó dáa, tí wọ́n bá ń tẹ àwọn ọmọ wa mọ́lẹ̀, ká máa wò ó lórí fóònù. Pírínsípà ní kí wọ́n gbé fẹ́ǹsì ga, kí wọ́n ta wáyà sí i lórí. Alhaji ní kí a ṣe àdúrà ní Jímọ̀, kí àwọn onígbàgbọ́ ṣe tiwọn ní Sọ́ńdè. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ń bú gómìnà, wọ́n ń bú ọlọ́pàá, ẹnìkan tiẹ̀ bú àwọn tó ń ta fíìmù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ géètì ẹ̀yìn. Èèyàn bí igba, ó kéré tán ààbọ̀ wọn ló pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wá ń rìn yí ọ̀rọ̀ náà po bí ẹni tó rí kòtò.

Ẹ tún wá gbọ́ èyí tó burú jù. Géètì ọ̀hún ṣì wà ní dídí! Àwọn ọmọ ti padà sí kíláàsì láti Mọ́ńdè, irin tí mo dábùú ṣì wà níbẹ̀ gbagidi, nítorí tí a bá ṣí i, ẹnìkan á béèrè ìdí tí a fi ń ṣí i. Ṣé orí wa pé báyìí?

Motọ́lání wá dìde. 

"Ẹ kú ìpàdé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò mọ̀wé púpọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìbọn ló pa Tiwalọlá. Ẹ fara mọ́ ohun tí Bàbá Àkàngbé sọ. Kí ẹ sì dí gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà wọlé, ihò tó bá wà lára ògiri, ẹ dí i." Ó yíjú sẹ́yìn, ó ń wá mi títí ó fi rí mi. "Bàbá Aneesah, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ irin. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá wa dí i."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Fún èmi! Àwọn obìnrin dì í mú. Ó wá tú gèlè orí ẹ̀, ó nawọ́ sókè.

"Ẹni tó pa ọmọ mi, ọwọ́ tó fi pa á, ọwọ́ náà ò ní ríṣẹ́ ire ṣe mọ́ láyé. Bí mo ṣe ń sunkún ọmọ yìí, òun náà á sunkún ọmọ!"

"Àmín!" Gbọ̀ngàn mì. Alhaji Yẹ̀kínnì tó mọ̀, òun náà ṣe àmín. Bàbá Àkàngbé ṣe àmín. Aneesah ò ṣe é. Ó di apá mi mú, ìka ẹ̀ tutù, ó wá wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ń gégùn-ún fún ọmọ mi lójú mi, gbogbo àdúgbò ń ṣe àmín sí i, ẹnu mi sì wà ní pípadé!

Mo dìde. Mi ò mọ bí mo ṣe dé iwájú.

"Ìyá Tiwa, ìbọn ò ba ọmọ yín."

"Síkírù!" Alhaji pariwo. "Jókòó!"

"Mi ò jókòó! Ìbọn ò ba ọmọ kankan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn ni wọ́n sá lọ, géètì ẹ̀yìn ò ṣí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pa níbẹ̀. Èmi ni mo jó o pọ̀, ní táàmù tó kọjá, nígbà tí ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ mi rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọmọ mi kúrò nínú èpè yẹn."

Ariwo tó ta lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè ròyìn ẹ̀. Ẹnìkan pè mí ní ìkà. Ẹnìkan ní mo fẹ́ pa ìyá mọ́ ọmọ. Obìnrin kan ju bàtà lù mí. Alhaji ń kígbe pé ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, pé òun ti kìlọ̀ fún mi, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń tú àṣírí ara òun.

Orí mi gbóná. "Ẹ̀yin náà ńkọ́?" mo pariwo. "Ta ni kò pàtẹ́wọ́ níbí? Kó dìde ká rí i! Ẹ̀ ń wá ìbọn, ẹ̀ ń wá kámẹ́rà, ẹ̀ ń wá wáyà. Àwọn ọmọ tó yìnbọn yẹn, àdúgbò yìí ni wọ́n ti jáde, a mọ ilé bàbá wọn, ta ló lọ kanlẹ̀kùn níbẹ̀? Kò sí! Ó rọrùn ká ti ọmọ mọ́lé. Ọmọ tí ìbọn ń lé, ibi tó máa sá gbà ló ń wá, a ò sì fi ibì kankan sílẹ̀ fún un. Ọ̀la tí wọ́n bá tún yìnbọn ńkọ́? Irin yẹn ṣì wà níbẹ̀!"

Motọ́lání ò sunkún. Gbogbo ìgbà tí a fi ń pariwo, ojú mi ló ń wò. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

A lọ. Gbogbo ìpàdé tẹ̀ lé wa. Ó dúró níwájú géètì náà, ó fọwọ́ kan ibi tí mo ti jó o, lókè, lẹ́yìn náà nísàlẹ̀. Ó fà á bíi kó ṣí. Ó tún fà á, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gé irin àti jẹnẹrétọ̀ kékeré wá.

Alhaji dí mi lọ́nà. "A gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí a tó fọwọ́ kan dúkìá ilé-ìwé."

"Ṣé a gbàṣẹ nígbà tí a ń dí i?"

Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Aneesah tan jẹnẹrétọ̀. Mo gé irin ìdábùú, mo gé ti òkè, mo gé ti ìsàlẹ̀. Iná ń ta, mo ní kí Ìyá Tiwa sún sẹ́yìn, kò sún. Omi ń dà lójú mi, ẹ̀gún ló ń gún mi lọ́kàn, mi ò lè nu ojú nítorí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tí mo fi odindi àárọ̀ Sátidé ṣe, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi tú u.

Géètì ṣí. Motọ́lání gba ibẹ̀ kọjá, ó ń ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ó ti dé títì. Ọkùnrin kan ń ta búrẹ́dì níbẹ̀, ó kí i, ó ní "ẹ káàárọ̀ o, mà." Obìnrin náà yíjú padà sí mi.

"Ìṣísẹ̀ mẹ́ta," ló wí. "Ibi tó kù kí ọmọ mi dé nìyí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, pẹ̀lú irun mi tó ti ń funfun. Ó wọlé padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gbọ́wọ́ lé Aneesah lórí.

"Mo ká èpè yẹn kúrò lórí ẹ. Kò ní ṣẹ sí ẹ lára. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi ni ẹ́." Lẹ́yìn náà ló bojú wò mí nílẹ̀. "Bàbá Aneesah, ti ọmọ yín, mo ti ká a. Ti ọwọ́ yín, mi ò tíì lè ká a. Ẹ má bẹ̀ mí."

Mo ní ẹ ṣé, Ìyá Tiwa. Mi ò bẹ̀ ẹ́.