Ọ̀fìnkìn Ọkọ Mi

Ọkọ mi, Àlàájì Tájù, ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wa ní àdúgbò Abraham Adésànyà, ní Èkó. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń pe ìrun, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn onígbàgbọ́ àdúgbò pàápàá ń fi ṣe aago. Ọ̀fun yẹn ni gbogbo ìgbéraga rẹ̀ wà. Nígbà tí Ràhmát, àkọ́bí wa, bí ọkùnrin sí Awoyaya nínú ọyẹ́ Jánúárì, ohun kan ṣoṣo ni Àlàájì ń rò: òun ni yóò gbé ọmọ náà, tí yóò pe ìrun sí i létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́ ni. Kò tilẹ̀ bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Kó tó di ìrun àṣáàrí, imú rẹ̀ ti ń ṣàn bí ọ̀sọ̀rọ̀.

"Ọyẹ́ ni," ó ní. "Eruku lásán."

"Eruku kì í mú ara gbóná, Bàbá Ràhmát."

Ó ní kí n lọ ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò wá. Mo kọ̀. Ràhmát tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo pè, mo sì gbé e sí sípíkà kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo kápúsù kankan. Kápúsù yẹn ò lè ṣe nǹkan kan fún ọ̀fìnkìn. Ẹ máa mu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ rest dáadáa, ẹ lá oyin tí ikọ́ bá dé. Tí ibà yẹn bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, àbí ẹ ò rí èémí mí dáadáa, hospital straight o." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú sà, ẹ ò lè gbé baby báyìí."

"Èmi? Èmi tí mo bí ọ?"

"Ohun tó jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán lára yín lè má jẹ́ kí ọmọ jòjòló rí èémí mí, Dádì. Ẹ ò rí imú ẹ̀ ni?"

Àlàájì bínú, kò jẹun. Láti ìgbà náà ló ti dojú ìjà kọ imú ara rẹ̀. Ó fi àbọ́níkì para láti orí dé àyà, ó mu atalẹ̀, ó lá súìtì tọ́mọ́tọ́mọ́ títí ahọ́n rẹ̀ fi dúdú. Lówùúrọ̀ ìsọmọlórúkọ, ó ní òun ti sàn. Ohùn tó fi sọ ọ́ jọ ti ọ̀pọ̀lọ́.

Mo fún un ní ìbòmú nínú ọkọ̀, ó lò ó. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà Ràhmát, ó yọ ọ́, ó ní ládàánì kì í bo ẹnu. Ó fọ ọwọ́ níbi tí gbogbo àlejò ti ń fọwọ́, ó wọlé. Òórùn àbọ́níkì ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Ó ń gbé ikọ́ mì, ojú rẹ̀ pọ́n kuku. Mo ti pinnu: bó bá fọwọ́ kan ọmọ yẹn, ariwo ni n ó pa, kí ojú ti gbogbo wa.

Ta ni yóò wá kọ̀ fún bàbá ìyàwó lójú èrò? Taofeek, ọkọ Ràhmát, kúnlẹ̀, ó na ọmọ sí i. Àlàájì na ọwọ́ méjèèjì.

Ó wá rí imú ọmọ náà. Ihò rẹ̀ kò tó ẹ̀wà.

Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. "Ẹ gbé e sẹ́yìn," ó ní. "Ara mi ò tíì yá. Irọ́ ni mo pa." Ó jáde, ó lọ dúró sí ìdí fèrèsé níta.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó gbé mi níyàwó lọ.

Ààfáà ní kí bàbá ọmọ pe ìrun náà. Kọ̀ǹpútà ni Taofeek ń tún ṣe ní VGC, kò pe ìrun lójú èèyàn rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dé ìdajì, ó gbàgbé. Òógùn bò ó.

Ohùn ọ̀pọ̀lọ́ kan wá dìde láti ìta, ó sọ ohun tó kàn. Taofeek gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó wà níta ń sọ, èyí tó wà nínú ilé ń tún un sọ sí etí ọmọ, títí wọ́n fi parí rẹ̀. Ẹ̀rín pa àwọn àlejò, èmi sì ń sunkún.

Ràhmát sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. "Dádì," ó ní, "Taofeek ló gbé e, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ yìí kọjú sí."

Ọkọ mi tó ń fi ẹnu pe gbogbo àdúgbò yọ ìbòmú jáde nínú àpò, ó fi bo ẹnu náà.