Bí Ìwọ́de Òdòdó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Woolwich

Nígbà tí wọ́n kó àwọn tó ń gbé ní Morris Walk, àdúgbò kan ní Woolwich nílùú London, kúrò kí wọ́n lè wó ilé ibẹ̀, Thamesmead ni wọ́n gbé Daddy Raymond lọ. Òun ni àgbàlagbà òyìnbó tí Àpèkẹ́ ń tọ́jú. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òdòdó tó gbìn sínú ìkòkò ní bákónì nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan Àpèkẹ́ ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká to àwọn òdòdó yìí sára wheelchair yín, ká gbé e rìn yí ká Woolwich. Àwọn aládùúgbò yín àtijọ́ á rí yín."

Raymond rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa tẹ̀lé wa?"

"Èmi àti Fẹ́rànmí ọmọ mi."

Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra láti ibi tí ferry ń gúnlẹ̀ sí. Àpèkẹ́ wọ sùtánà funfun ìjọ rẹ̀. Wọn ò tíì dé ọjà tí afẹ́fẹ́ odò Thames fi já òdòdó wọn dà sójú títì. Omi bọ́ lójú Àpèkẹ́.

"Mummy, stop, má sunkún!" Fẹ́rànmí pariwo. "Look, wọ́n ń ṣà á!"

Lóòótọ́ ni. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Sàídátù tó ń ta aṣọ lọ́jà ṣa ẹ̀kúnwọ́, ó fi pupa kan há ìborùn rẹ̀, ó ní, "Auntie, níbo lẹ ń lọ? Mo ń bọ̀." Àwọn yòókù náà tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń lọ, obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn: "Raymond! Ṣé ìwọ nìyẹn?" Aládùúgbò rẹ̀ ní Morris Walk ni, àdúgbò Glyndon nítòsí ló ń gbé báyìí. Ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Àpèkẹ́ bá dárin Yorùbá. Àwọn tí kò gbédè náà ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́dún kejì, Sàídátù fi òdòdó bo tróólì ọjà rẹ̀, àwọn ará Glyndon sì gbé tiwọn jáde. Àwọn kan nínú ìjọ Àpèkẹ́ ń kùn pé ṣé ọdún òrìṣà ni.

"Ta ló dá òdòdó?" Àpèkẹ́ bi wọ́n.

Lọ́dún yìí, ìjọba ìbílẹ̀ dí títì fún ìwọ́de náà. Èrò pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ò gbèrò. Raymond ló ṣíwájú, òdòdó bò ó dé àyà, ó ń juwọ́ bí ọba. Wọ́n ní kí Àpèkẹ́ gun pèpéle kó sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè sí èrò náà.

"Woolwich, ẹ kú ọdún o!"

Ìhó ayọ̀ gba ọjà kan.